Ọ̀pẹ Ẹ̀ga àti Agogo Òwúrọ̀

Ọkùnrin kan wà, ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní ìlú tí òkè yí ká. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí àlejò bá wọlé, ìdí ìlẹ̀kùn ni ó máa ń dúró sí, yóò sì máa wo bàtà wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ká kọ nǹkan sínú ìwé, kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìjọ.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ń bọ̀ lọ́nà nígbà náà. Lọ́dún yẹn, àwọn àgbà ìjọ fẹ́ kí ọ̀dọ́ kan ka àròkọ síwájú gbogbo ènìyàn, lórí bó ṣe yẹ kí ọmọ aráyé máa ṣe sí ilẹ̀, omi, igi àti ẹranko tí Ọlọ́run dá. Bàbá ìjọ, àgbà tó ń darí ètò ṣọ́ọ̀ṣì náà, pè é sí kọ̀rọ̀.

Ó ní, “Àlàó, ìwọ ni a yàn. Má jẹ́ kí ojú tì wá o.”

Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn ju bí ó ṣe fi hàn lọ. Láti kékeré ni àwọn ènìyàn ti máa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ kí ó dára.

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wọn, tó ga ju òrùlé lọ. Orí rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ga kọ́lé sí. Ìtẹ́ wọn rọ̀ sí ẹnu àwọn imọ̀ rẹ̀ yíká bí èso. Láti ìgbà tí ojú ọ̀run bá ti ń là ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, wọn kì í sì í sinmi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní àdúgbò náà kì í gbọ́ ariwo yìí mọ́, bí ènìyàn kì í ti í gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàápàá kì í gbọ́ ọ, àfi ìgbà tí ó jókòó sí ìdí fèrèsé láti kọ̀wé nípa ẹ̀dá Ọlọ́run.

Ó kọ ìlà kan, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn, àwọn ẹ̀ga bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí koríko kan, ó tún pa á rẹ́. Ó jáde, ó sọ òkò sókè. Wọ́n fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì padà wá kí ó tó wọlé tán.

Ó pariwo mọ́ wọn, ó ní, “Ẹ dákẹ́ ná!”

Ìyá rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín títí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Àlàó, ta ni ò ń bá wí? Mo bá wọn níbẹ̀ nígbà tí mo wọ ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Bàbá rẹ kò lè lé wọn. Fi wọ́n sílẹ̀, kí o kọ ìwé rẹ.”

Ó wọlé, ó sì ti fèrèsé. Ooru mú un, ariwo náà sì ń gba abẹ́ pákó wọlé. Bí ọjọ́ ti ń lọ, inú rẹ̀ kò bí sí ìwé náà mọ́, àwọn ẹyẹ ló ń bí i nínú. Ó wá dà bí ẹni pé nítorí tirẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń ké.

Bàbá kan wà ní ojúlé kejì, Bàbá Tinúọlá ni wọ́n ń pè é. Afọ́jú ni. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ní òròòwúrọ̀, láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ló sì ti ń lù ú. Wọ́n ta okùn kan láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí agogo. Òun ni ó máa ń dì mú lọ, òun náà ni ó sì máa ń dì mú bọ̀. Agogo yìí ni àwọn ará oko fi ń dìde, òun ni àwọn ìyá fi ń dáná. Bàbá Tinúọlá kò pẹ́ jù rí, kò sì yá jù rí. Nítorí pé kò ṣàṣìṣe, kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí ó ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá Tinúọlá lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ. Bàbá ìjọ ló ń bá a lu agogo, aago ọwọ́ ló sì ń wò.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ bá akọ̀pẹ, ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ kiri ìlú. Ó ní kí ó wá bá òun rẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, pé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ lò ó fún Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Irọ́ yìí rọrùn lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́ imọ̀ fún ọjọ́ náà lóòótọ́. Kódà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́.

Akọ̀pẹ dé, ó gbójú sókè.

“Ọ̀pẹ ẹ̀ga yìí? Ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ èyí?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa. Èwo nínú rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Kí ẹ ṣáà fi màrìwò àárín sílẹ̀, kí ó má baà kú.”

Akọ̀pẹ tún wò ó díẹ̀. Ó fi igbà rẹ̀ yí ìdí ọ̀pẹ ká, ó sì gòkè. Àwọn imọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtẹ́ tó so mọ́ wọn. Àwọn ẹ̀ga bo orí ilé, wọ́n ń ké lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣa ìtẹ́ kan nílẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ jẹ́ ojú tó máa ń rí nǹkan kéékèèké. Ó rí i pé wọ́n hun ún dáadáa ju apẹ̀rẹ̀ ọjà lọ. Wọ́n ti fọ́nrán ewé kan bọ abẹ́ èkejì, wọ́n sì ta á ní kókó níbi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n dá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí, kí òjò má baà wọlé. Nínú rẹ̀, ẹyin kan ti fọ́. Omi rẹ̀ kàn án lọ́wọ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti ìtẹ́ náà bọ abẹ́ òkìtì imọ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Kí irọ́ rẹ̀ lè di òótọ́, òun fúnra rẹ̀ wọ́ àwọn imọ̀ náà lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì tò wọ́n jọ síbẹ̀.

Àwọn ẹ̀ga fò yí ọ̀pẹ náà ká títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń bà lé ibi tí imọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń tún dìde. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti lọ.

Ẹ̀yìnkùlé wá pa rọ́rọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí fèrèsé, ó jókòó, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá bí omi. Ó kọ nípa odò tí a ń da ìdọ̀tí sí. Ó kọ nípa igbó tí a ń dáná sun. Nígbà tí ó dé àárín, ó kọ ọ́ pé: “Àwọn ẹ̀ga tó wà lẹ́yìn ilé wa, aládùúgbò wa ni wọ́n. Ohun tí a ń pè ní ariwo wọn, bí wọ́n ṣe ń kí wa ni.” Ó kà á sókè fún ara rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn débi pé omi lé sí i lójú. Kò gbójú sókè wo ìta.

Bàbá Tinúọlá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú ọjọ́ ṣú, kò sí oòrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jí, kò sì gbọ́ agogo. Ó yọjú lójú fèrèsé. Bàbá Tinúọlá wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tán, ó di okùn mú, ó sì kọ etí sí ìhà ọ̀dọ̀ ọ̀pẹ. Orín wà lẹ́nu rẹ̀, kò rún un.

Ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń gbálẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Tinúọlá.”

“Káàárọ̀ kẹ̀? Ìyá Àlàó, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?”

“Ó ti mọ́ tipẹ́, bàbá. Àwọn ará oko ti ń lọ.”

“Kò lè jẹ́. Ẹ̀ga kò tíì sọ̀rọ̀.”

“Àkùkọ ti kọ, bàbá.”

“Àkùkọ!” Bàbá Tinúọlá yọ orín lẹ́nu, ó tutọ́. “Àkùkọ tó bá rí òṣùpá, á ní ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tan fìtílà fún un, á kọ fún un. Ẹ̀ga kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n?”

Ìyá náà gbójú sókè, ó wo ọ̀pẹ tó dúró ní ìhòòhò, lẹ́yìn náà ó wo fèrèsé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà rí òun, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Bàbá Tinúọlá dìde, ó di okùn mú, ó yára lọ débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ. Ó lu agogo. Láti ojú ọ̀nà, ọkùnrin kan tó ru ọkọ́ kígbe pé, “Bàbá Tinúọlá, ti ọ̀sán nìyẹn àbí ti ìrọ̀lẹ́?” Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà wọlé, ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Àlàó. Bàbá yẹn ń béèrè ẹ̀ga.”

“Ọ̀pẹ náà á tún yọ imọ̀, Màámi.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ọ̀pẹ.”

Ó jáde, kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́. Ìyẹn ló burú jù fún ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ pé. Nítorí pé ẹ̀rù àṣìṣe ti ń ba Bàbá Tinúọlá, ó lu agogo nígbà tí ilẹ̀ ṣì ṣú bátabàta. Àwọn ènìyàn gbé ọmọ wọn pẹ̀lú oorun lójú, wọ́n wá jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń bá ẹ̀fọn jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tán, gbogbo ojú ló pọ́n.

Bàbá ìjọ dìde. Kò fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá wa ti ṣe gudugudu méje lórí agogo yìí. Àgbà ti dé. Bí Àjíǹde bá ti kọjá, a ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀, kí wọ́n lè sinmi.” Bàbá Tinúọlá jókòó níwájú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń fi àtàǹpàkò ra, níbi tí okùn ti mú kí ó le.

Àwọn obìnrin jáde lọ mú imọ̀ tí wọn yóò fi wọ́de. Ariwo sọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ta ló kó egungun yìí wá?”

Ẹ̀ga kì í kọ́lé sórí ọ̀pẹ kí wọ́n má ya ewé rẹ̀ láti fi hun ìtẹ́. Nínú gbogbo àwọn imọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tò jọ, kò sí èyí tí ewé rẹ̀ pé. Igi àárín nìkan ló kù, bí òòyà tí eyín rẹ̀ ti kán. Ọmọdé ìlú náà mọ̀ pé a kì í fi imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀ga júbà. Ìtẹ́ kan ṣì rọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Akọ̀pẹ ní, “Ẹ bi Àlàó. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rán òun.”

Gbogbo ojú yí sí i. Bàbá ìjọ wo imọ̀, ó wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ ìwé ni. Ìwé tó fẹ́ kà fún wa ti gbà á lọ́kàn, kò mọ imọ̀ tó ní ewé mọ́!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ rẹ́ imọ̀ mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Wọ́n ti bá a wá àwáwí, ó sì gbà á.

Lẹ́yìn ìwọ́de, wọ́n pè é síwájú. Ohùn rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà dára, ó sì gbé e lọ. Wọ́n gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kódà àwọn ọmọdé dákẹ́. Nígbà tí ó ka ibi tó ti ní, “Àwọn ẹ̀ga tó wà lẹ́yìn ilé wa, aládùúgbò wa ni wọ́n,” Bàbá Tinúọlá na ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú gbogbo ìjọ.

“Hẹ̀n! Òótọ́ nìyẹn! Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ!”

Ó kà á dé òpin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Bí pàtẹ́wọ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́, Bàbá Tinúọlá dìde, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ó ní, “N kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́ wọn. Mo rò pé èmi nìkan ni.”

Bàbá náà kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìwọ tí o lójú, tí o sì fẹ́ràn wọn, bá mi wò ó. Kí ni mo ṣe fún wọn? N kò pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ mi. Agogo tí wọ́n fẹ́ gbà, kò dùn mí tó èyí. Wọ́n lọ, wọn kò dágbére.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ọwọ́ tó di tirẹ̀ mú. Àmì okùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ náà láti òpin kan dé èkejì, ó ti le bí awọ. Ó wo ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wò.

Ó ní, “Bàbá, wọn ò lọ fúnra wọn. Èmi ni mo lé wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n rẹ́ ọ̀pẹ náà.”

“Ìwọ? Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?”

“Ariwo wọn kò jẹ́ kí n kọ ìwé.”

“Ìwé wo?”

“Èyí tí mo kà tán yìí.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá Tinúọlá kò pariwo. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì nù ún mọ́ agbádá rẹ̀.

Ó ní, “Ìwé náà dùn. Ó dùn gan-an.”

Ó wá ọ̀nà padà sí àyè rẹ̀, ìró ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kò lè ká a, kò lè tì í bọ àpò, kò sì lè sọ ọ́ nù lójú ìjọ. Ó yíjú sí bàbá ìjọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba agogo lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe àgbà ló dé sí wọn. Èmi ni mo lé ohun tó ń jí wọn. Ẹ jẹ́ kí n máa jí wọn.”

Bàbá ìjọ ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ní ọjọ́ Ajé, fóònù tó ní kí ó jí òun ní ìdájí dún. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Tinúọlá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ilẹ̀ ti mọ́.”

“Ṣé o rí i ni, àbí fóònù ló sọ fún ọ?”

Ó dìde, ó sì ti fóònù bọ àpò.

“Padà lọ wò ó.”

Ó padà lọ sí ìdí ọ̀pẹ, ó dúró. Kò dúró wo ojúmọ́ rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì ti kọ ojú ìwé odidi kan nípa ẹwà rẹ̀. Òkùnkùn ni ó rí. Lẹ́yìn náà ó rí i pé òun lè mọ etí òrùlé yàtọ̀ sí ojú ọ̀run, kò sì mọ ìgbà tí ìyẹn ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ yí padà. Ìrì wà lórí ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yìí ni àwọn ẹ̀ga ìbá ti sọ̀rọ̀. Ó lọ sọ ọ́ fún Bàbá Tinúọlá, agogo sì dún.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe láràárọ̀. Bàbá Tinúọlá kì í bá a wí, kì í sì í bá a ṣeré. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ ọ́ bí ó ti ń di okùn mú pé, “Ohùn rẹ kò dára tó tiwọn o.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Ọ̀pẹ náà ti yọ imọ̀ padà báyìí, ewé rẹ̀ pé, kò sì sẹ́yẹ tó ya á. Òdìkejì odò ni àwọn ẹ̀ga wà. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà ibẹ̀, Bàbá Tinúọlá a gbé etí sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin náà a sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìwọ tí a ń ṣe àkàwé yìí fún, àgbà ni ọ́, o sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. O lè sọ̀rọ̀ nípa igi àti omi kí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, kí omi sì lé sí ìwọ fúnra rẹ lójú. A kò sọ pé irọ́ lo pa. Ọmọ yẹn pàápàá kò purọ́ nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ, kí o wo ohun tí o gé lulẹ̀ kí ara lè tù ọ́ láti sọ̀rọ̀ náà. Wo ẹni tó ń fi í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, tí ìwọ kò bi í léèrè rí. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó di okùn mú, ó rò pé òru ni. Má ṣe ka ìwé rẹ fún un. Lọ dọ̀bálẹ̀, kí o sọ fún un pé ìwọ ni, kí o sì jí ní kùtù ọ̀la láti lọ wo ojú ọ̀run fún un.